KÍ NI Ò Ń RÍ LÓJÚ FÈRÈSÉ IBI IṢẸ́ RẸ?

Fèrèsé pọ̀ nínú Bíbélì ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Nóà ṣí fèrèsé ọkọ̀ kí ó tó rán ẹyẹ jáde. Ráhábù so okùn pupa mọ́ fèrèsé rẹ̀, ilé rẹ̀ sì yọ nínú ìparun Jẹ́ríkò. Míkálì yọjú lójú fèrèsé, ó rí Dáfídì ọkọ rẹ̀ tí ń jó níwájú Olúwa, ó sì kẹ́gàn rẹ̀ nínú ọkàn. Éútíkù jókòó sójú fèrèsé nígbà ìsìn òru, oorun gbé e lọ, ó sì já bọ́ láti òkè (ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nígbà ìwàásù, ẹ gbọ́ o).

Gbogbo ìwọ̀nyí ni àwa oníwàásù ti lò dáadáa. Ṣùgbọ́n fèrèsé kan wà nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 26 tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé òun ló kan àwa òṣìṣẹ́ jù lọ. Ísáákì ti sọ fún àwọn ará Gérárì pé arábìnrin òun ni Rèbékà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò pa òun nítorí ẹwà ìyàwó òun. Irọ́ náà dúró fún ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ tí Ábímélékì ọba yọjú lójú fèrèsé ni ó tú, nítorí ó rí bí ọkùnrin náà ti ń bá obìnrin náà ṣeré, ó sì mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe wòlíì ni Ọlọ́run lò, kì í ṣe ìran, kì í ṣe àlá. Aláìkọlà kan tó kàn yọjú wo ìta ni ó rí òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ́kàn nígbà tí mo ń bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò níbi iṣẹ́ wọn ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí mo ń bi olúkúlùkù pé: bí ẹ bá yọjú lójú fèrèsé ibi iṣẹ́ yín, kí ni ẹ ń rí?

ÀWỌN ONÍTẸ̀WÉ ṢÓMÓLÚ

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Onípanu lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tó sì gba òpópónà Shipeolu wọ inú Ṣómólú lọ, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo ọjà. Ìró ẹ̀rọ ni, tí ń lù kì-kì-kì láti àárọ̀ títí di òru. Ilé tí ẹ ó rò pé ilé gbígbé lásán ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ wà lókè, ẹni tí ń gé bébà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tí ń di ìwé pọ̀ tí ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní ilé kejì. Ọmọlanke tí wọ́n kó bébà lé gàgàrà ń wá àyè kọjá láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìléwọ́ ìpàgọ́ àdúrà, pósítà àwọn olóṣèlú, ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ó ṣòro kí ilé kan wà ní Èkó tí kò ní ohun kan tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn láàárín àwa onígbàgbọ́. Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ọdún kan náà ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàrígà lónìí. Ilé ìtẹ̀wé ni Bíbélì Yorùbá gbà dé ọwọ́ àwọn bàbá wa. Nítorí náà n kò bá àwọn tí ń fojú iṣẹ́ ọlọ́wọ́ dídọ̀tí wo ìtẹ̀wé ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ fèrèsé lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Arákùnrin kan ní, "Pásítọ̀, ẹ wo fèrèsé wa." Pátákó ni wọ́n fi dí i pa. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wọn ní, Heidelberg tòkunbọ̀ láti Jámánì, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán aláràbarà sì ń fẹ́ àwọ̀ mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Nítorí náà bébà kan náà yóò la inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ láàárín. Bí ọ̀rinrin òjò bá wọ bébà náà, á wú. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, á súnkì, etí rẹ̀ á sì ká. Bí ó bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kan yẹ̀ kí àwọ̀ kẹta tó dé, ìyàwó ojú káàdì á ní ètè méjì, oníbàárà á sì kọ iṣẹ́. Eruku títì tún ń bẹ: bí ó bá bà sára rọ́bà ẹ̀rọ, àmì funfun á máa hàn lójú gbogbo ìwé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti fèrèsé.

Mo gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ bébà. N kò gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná bá lọ (àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é ní iná NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ikeja Electric ló ti ń pín in láti ọdún 2013), àwọn kan ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, fèrèsé sì wà ní títì. Afẹ́fẹ́ tí ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ẹ má sọ fún mi pé àdúrà ni ẹ ó fi bo èyí. Ẹ gbé e síta, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ irin, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ òru nígbà ìbò tàbí nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

ÌGÒ ORÍ TÁBÌLÌ

Arákùnrin kan nínú ìjọ, tí n kò ní dárúkọ, kò dí fèrèsé tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe lókè. Ẹ̀rọ kékeré kan tí í ṣe tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Láti ibi tó ń jókòó, ó ń rí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan lódìkejì títì. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń dá àwọn ìyá tí ń wá síbẹ̀ mọ̀ nípa ìró tí wọ́n fi ń pọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ìgò oògùn ọmọdé wá bá a. Ó fẹ́ kí ó tẹ ìwé ara ìgò náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, kí ó rí gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà lára rẹ̀, títí kan nọ́ńbà NAFDAC. Arákùnrin náà béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni oògùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ mu ún ni?" Ó ka gbogbo owó náà sílẹ̀ lórí tábìlì láì dúnàá dúrà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé oníbàárà tí kì í dúnàá dúrà, ó ní ohun tó ń gbé pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ti rí fún un. Ó ti jẹ onílé ní owó oṣù mẹ́ta. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà nílẹ̀. Owó orí tábìlì yóò san méjèèjì, yóò sì kù.

Ó sọ fún mi pé kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì ló kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn. Ojú òun ló ṣàdédé lọ sí ìta, òun sì rí obìnrin kan tó ń ti ọ̀dọ̀ olóògùn bọ̀, tó dúró lẹ́bàá gọ́tà, tó ń ka ara ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ń kà á, ó ń yí i, ó tún ń kà á. Arákùnrin náà kó owó orí tábìlì jọ, ó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Àwa tó ti dàgbà rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé kú ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí oògùn ibà olómi tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣe òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, láti ìparí ọdún 2008 wọ 2009, ọmọ tó ju 80 lọ tún kú nítorí oògùn eyín tí irú kẹ́míkà kan náà wà nínú rẹ̀. Ti oògùn eyín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayédèrú ìwé o. Ìwé ara rẹ̀ dára, ohun inú rẹ̀ ni kò dára. Bí ìwé tòótọ́ bá lè bo májèlé mọ́lẹ̀, kí ni èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti fi tanni jẹ yóò bò? Ìyá kò ní yàrá àyẹ̀wò nínú ilé. Ìwé ara ìgò ni gbogbo ohun tó ní, onítẹ̀wé ló sì ṣe é. Ẹni tí irú oníbàárà yìí bá dé bá, kí ó má mọ síbi pé ó kọ̀ ọ́, kí ó sọ fún NAFDAC pẹ̀lú. Ẹlẹ́rìí ni wá.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ pé Olúwa san án fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì. N kò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Àwọn onítẹ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù Ìgò. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ta ẹ̀rọ kékeré náà kí onílé má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lónìí, ọ̀gá mìíràn ni ó ń ya iṣẹ́ fún, owó oṣù ni ó sì ń gbà. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ó ní, "Bàbá, inú mi ò tíì dùn sí ẹ̀rọ tó lọ, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń rọ oògùn sẹ́nu ọmọ, ọkàn mi balẹ̀ lórí ọwọ́ bàbá rẹ̀."

Ohun kan tún wà tí arákùnrin náà kò mọ̀ títí mo fi sọ fún un. Olóògùn òdìkejì títì kì í ṣe onígbàgbọ́, kò sì wá sí ìjọ wa rí. Òun náà ń wo ìta láti ìdí káúńtà rẹ̀. Ó rí ọkùnrin náà nígbà tó gbé ìgò wọlé, ó sì rí i nígbà tó jáde tibinú-tibinú pẹ̀lú àpò owó rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí ó máa ń wá ta ọjà fún un. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ábímélékì tún yọjú.

Ní tèmi, mo ti bi àwọn alàgbà ìjọ pé kí ló dé tí irú arákùnrin yìí fi ní láti ta ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tí ìjọ ń tẹ kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpàgọ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ní àwọn yóò wò ó. Mo ń dúró.

LÁPÁ BÀRÍGÀ

Ní Bàrígà, fèrèsé kọjú sí omi. Ẹni tó bá wà lókè ilé ní ìhà Ìlàjẹ ń rí ọ̀sà, ó ń rí ọkọ̀ àwọn tí ń wa yanrìn, ó sì ń rí afárá Third Mainland lókèèrè. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i tán. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, kò sì sí afárá tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà títí di ọdún 1996. Àwọn tó ń gba orí rẹ̀ lọ sí Erékùṣù ń wo èéfín àti ilé pákó tiwa. Àwa náà ń wo ọkọ̀ tiwọn, tó tò lọ rẹrẹ tí kò kúrò lójú kan.

Arábìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀. Kò sí aránṣọ tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí àtiki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbé maṣíìnì rẹ̀ sí fèrèsé ìhà omi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ìhà títì ni ó gbé e sí, níbi tí ògiri ilé kejì ti ṣíji bò ó tó fi ń tan iná lọ́sàn-án. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ọ̀nà tí ọmọ òun ń gbà ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ nìyẹn.

Erékùṣù ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ń wọlé bí afárá bá dára. Láti aago méjì ọ̀sán títí di ìgbà náà, ìyá nìkan ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò yìí mọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń da Bàrígà láàmú, tí wọ́n sì ń wá ọmọ kékeré kún ara wọn. Wọn kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Súyà ni, bàtà ni, fóònù ni.

Lọ́jọ́ kan ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dá ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, dúró lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dá a dúró, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ki nǹkan bọ inú àpò ìwé rẹ̀. Ìyá yìí kò pariwo láti òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó dárúkọ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, nítorí oníbàárà rẹ̀ ni, ó ní, "Bá mi kí màmá rẹ o. Sọ fún wọn pé búláòsì wọn ti parí." Ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Fóònù kékeré kan ló wà nínú àpò náà. Lálẹ́, ó fi bébà wé e mọ́ búláòsì, ó gbé méjèèjì lọ fún ìyá yẹn, ó sì jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ fi yé e. Àwọn ìyá méjèèjì sunkún.

Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 5, ìyá Sísérà náà dúró lójú fèrèsé, ó ń retí ọmọ tí kò ní padà wá mọ́. Àwọn ìkógun tí ọmọ yóò kó bọ̀ ni àwọn obìnrin ààfin fi ń tù ú nínú, ó sì gbà. Mo ti rí òbí bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ, tí kì í béèrè ibi tí ọmọ ti rí fóònù tuntun. Aránṣọ yìí kì í wo ohun tí ọmọ gbé bọ̀. Ọmọ náà gan-an ni ó ń wò.

Mo bá ọkọ rẹ̀ jókòó, mo sì bá a sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Kò lè fi iṣẹ́ Erékùṣù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi Sátidé sílẹ̀ fún ọmọ náà. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ fọ ọkọ̀, wọ́n jọ ń lọ gé irun. Ní ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n ti gbé tábìlì kékeré kan sábẹ́ fèrèsé ìhà títì, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìṣirò rẹ̀ kò tíì dára. Ṣùgbọ́n ó ti mọ bọ́tìnnì gán.