Odídẹrẹ́ Lórí Ilẹ̀ Ilé: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn tí Ń Sin Ayékòótọ́

Bí àwọn àgbà bá ń súre fún ẹni tí ó ń lọ sí ìdálẹ̀, wọn a ní odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ, gbogbo ìjókòó a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìwúre náà kò sọ nǹkan kan nípa iyàrá tí a tẹ́ táìsì sí, tí ọmọdé ń sáré kọjá, tí ológìnní sùn sí abẹ́ tábìlì, tí májèlé eku wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni odídẹrẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ àṣá inú igbó ti lè bá ikú pàdé. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí ní ilé ìwòsàn ẹran wa, fún ìlò ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹyẹ onírù pupa náà, yálà ẹ fi owó rà á ni o, yálà ẹ jogún rẹ̀ ni o, nítorí pé ẹyẹ tí ó lè lo 40 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, kò ṣòro fún un láti gbẹ̀yìn ẹni tí ó kọ́kọ́ sìn ín.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀dá tí a ń bá lò. Odídẹrẹ́, oníkòóódẹ tí ìyẹ́ ìrù rẹ̀ ń ṣe adé ọba lọ́ṣọ̀ọ́, ẹyẹ tí a fi ń ki ìlú Ìwó, ẹyẹ òkè igi ni: inú ihò igi ńlá ni ó ń yé sí, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, kí ó lè di ẹ̀ka mú ṣinṣin, ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta nígbà tí ó bá ń gun òkè. Nínú igbó Kóńgò àti ti Kamẹrúùnù, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ gbalasa láti mu omi àti láti jẹ erùpẹ̀ oníyọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá sọ̀. Ọ̀wọ́ ńlá ni wọ́n jọ ń sọ̀, tí ọ̀kan bá sì ti fi ohùn ìbẹ̀rù ké, gbogbo wọn a gbéra. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú ẹgbẹ́ ni odídẹrẹ́ fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Èyí tí ó wà ní pálọ̀ yín kò ní ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀yin fúnra yín. Ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, pàdé ní Johannesburg, wọ́n dìbò láti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ẹnubodè fún títà.

Kí ẹ tó ṣí àgò

A kò sọ pé kí ẹ sé e mọ́ inú àgò tọ̀sán tòru. Ẹyẹ tí làákàyè rẹ̀ tó báyìí, bí kò bá rìn, bí kò bá rí nǹkan fi ọwọ́ dá, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà tu. Ohun tí à ń wí ni pé kí a ti tún ilẹ̀ ṣe kí ẹyẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tí yóò tú u sílẹ̀ kúnlẹ̀, àní kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀, kí ó wo iyàrá náà láti ibi tí ojú ẹyẹ yóò ti wò ó. Nígbà náà ni yóò rí abẹ́rẹ́ tí aránṣọ gbàgbé, bọ́tìnnì tí ó já, owó ẹyọ, ìṣó, àti bátìrì kékeré inú aago, tí ojú ẹni tí ó dúró kò tó. Òjé, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, àti síńkì tí a fi ń bo wáyà àti ìṣó kí ó má baà dípẹtà, a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn ẹyẹ títí yóò fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ẹyẹ yóò máa bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, tí gìrì yóò sì mú un, kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìṣó tí ó sọnù. Ní ti wáyà iná, ẹnu tí ó lè ré ẹ̀ka igi kò ka rọ́bà sí nǹkan kan. Ẹ fà á yọ lára ògiri, kí ẹ sì ká a kúrò nílẹ̀.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Májèlé eku, ọ̀tapiápiá, káfúrà tí a jù sí abẹ́ àpótí aṣọ, kẹrosíìnì tí ó kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, gbogbo ìwọ̀nyí ni odídẹrẹ́ yóò fi ahọ́n tọ́ wò, nítorí ahọ́n ni ó fi ń ka ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀là obì tí ó bọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn àgbà ti jókòó: èròjà tí ó wà nínú kọfí náà ni ó wà nínú rẹ̀, ọkàn ẹyẹ tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì kílò lọ kò sì lè gbé e. Píà pẹ̀lú, bí ó ti dùn lẹ́nu wa tó, májèlé ni fún un. Bí ẹ bá fi oògùn olóòórùn líle fọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tán, kí òórùn rẹ̀ sì lọ, kí ẹ tó tú ẹyẹ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ ènìyàn

Gbogbo èyí ṣì rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹni tí ẹyẹ náà fẹ́ràn jù lọ ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí òun ni ẹyẹ ń tẹ̀lé kiri lẹ́yìn láìdún, òun náà ni ó sì lè fi ẹ̀yìn rìn láti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí ó sá ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn, tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ tí yóò sì jókòó gbì sórí tìmùtìmù láìwo abẹ́ rẹ̀. Aláwọ̀ eérú ni odídẹrẹ́; bí kápẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ aláwọ̀ eérú, ẹ tẹ́ aṣọ pupa tàbí funfun lé e ní apá ibi tí ẹyẹ yóò ti máa ṣeré. Àṣà tí a fẹ́ kí ẹ fi lélẹ̀ nínú ilé ni pé kí ẹni tí ó ṣí àgò pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a pa fáànù, kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá sì wọlé kan ilẹ̀kùn kí ó tó tì í, kí ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dípò kí ó máa gbé e sókè. Àlejò kò mọ àṣà yìí, nítorí náà kí ẹyẹ padà sínú àgò bí àlejò bá dé, ì báà jẹ́ ìyàwó ilé ni ó ń pe àlejò náà wọlé tàbí baálé.

Nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò. Ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ tí ń rìn nílẹ̀ ní ìlú wa, kì í ṣe pé wọ́n yàn án. Ọmọ aráyé ni ó gé ìyẹ́ apá wọn. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, síbẹ̀ àwọn kan a gé apá kan ṣoṣo, ẹyẹ a sì ṣubú láti orí àgò lulẹ̀ bí òkúta, àyà rẹ̀ a là. Ẹni tí ó bá ti gé e tẹ́lẹ̀, kí ó fi àkàbà kékeré tàbí okùn nínípọn ti ara àgò, kí ẹyẹ lè máa sọ̀ kí ó sì máa gòkè fúnra rẹ̀, títí ìyẹ́ mìíràn yóò fi hù.

Ológìnní àti ajá kò gbọdọ̀ bá a wà nínú iyàrá kan náà, ẹ má ṣe sọ pé tiyín ti mọ́ ọn lójú. Adìyẹ pàápàá kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí lùkúlúkú tí ń gbá agbo adìyẹ lọ lè mú odídẹrẹ́. Bí ẹ bá sì ti wọ bàtà wọ ilé adìyẹ, ẹ bọ́ ọ síta.

Ó ku ìdí àpótí àti abẹ́ àga. Bí odídẹrẹ́ bá ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, ihò tí yóò yé sí ni ó ń wá, yóò sì máa bu ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá sún mọ́ ibẹ̀ jẹ. Ẹ má nà án; ẹ dí ibẹ̀, kí ẹ gbé pákó rírọ̀ tí ó lè fi ẹnu fọ́ fún un ní gbangba.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀

Odídẹrẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ gbogbo, kò ní iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn bíi tiwa. Egungun àyà rẹ̀ ni ó ń lọ síwájú tí ó ń lọ sẹ́yìn tí atẹ́gùn fi ń wọlé, nítorí náà ẹni tí ó bá fún un ní àyà pinpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọ́ egungun kan, ti pa á lẹ́nu mọ́ títí ayé. Aṣọ ìnura ni kí ẹ fi gbé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, sínú páálí tí a dá ihò sí lára, tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu. A mọ̀ pé epo pupa ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń nà sí bí a bá gbọ́ pé májèlé, ṣùgbọ́n epo tí a fi agbára rọ fún ẹyẹ tí ó ti dákú, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà. Bí ìyẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bá ṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ fi òwú mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ èékánná ni, ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ lè dá a dúró. Bí eyín tàbí èékánná ológìnní bá kàn án, bó ti wù kí ojú ọgbẹ́ kéré tó, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kòkòrò àìsàn tí ó wà nínú itọ́ ológìnní kì í fún ẹyẹ láyè.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ka àìsàn sí eré ilẹ̀. Odídẹrẹ́ a máa fi àìsàn pamọ́ títí kò fi ní lè fi í pamọ́ mọ́. Èyí tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìyẹ́ rẹ̀ rú sókè, tí ìrù rẹ̀ ń jò bí ó ti ń mí, kò sọ̀ kalẹ̀ láti ṣeré. Èyí tí ó ń gbọ̀n tí ó sì ń já bọ́ láti orí igi, ẹ̀pà àti hóró nìkan ni ó sábà máa ń jẹ, tí kò rí oòrùn, tí èròjà tí ń mú egungun le sì ti tán lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ mú ìgò tàbí ìwé ara májèlé náà dání bí ẹ bá fura sí i, kí ẹ sì ká bébà tí ó ti yàgbẹ́ sí wá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fọ àgò kí ẹ tó wá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi omi tu ìgbẹ́ gbígbẹ tí ó wà nílẹ̀ kí ẹ tó nù ún, nítorí eruku rẹ̀ lè gbé àìsàn ibà àti ikọ́ wọ inú ẹni tí ó bá fà á símú.