Ẹ Kú Ewu: Iṣẹ́ Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ń Ṣe Fún Àwọn Tó Bọ́ Lóko Ẹrú

Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yóò bá àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún 14 sí 17, tí wọ́n to ọṣẹ, tówẹ̀lì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sálúbàtà sórí tábìlì, tí wọ́n ń dì wọ́n sínú àpò. Kì í ṣe ẹrù Nàìjíríà o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́wọ́ àwọn afènìyàn-ṣòwò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ń dì í fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mú ju aṣọ ọrùn wọn jáde.

Àwọn òbí kan ti bi wá pé, ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ ọmọdé? Ó yẹ, bí a bá mọ ibi tí a ó dúró sí. Àwọn ọmọ wa kì í pàdé àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, wọn kò sì mọ ilé tí wọ́n wà. Àṣírí ni àdírẹ́sì irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó kó wọn lẹ́rú ṣì lè máa wá wọn kiri. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn la ń kó àpò fún, ó parí.

Ojú àwọn ọmọ yìí mú ṣá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa gbé òòyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo irun mi. Ṣé eléyìí á wọ̀ ọ́?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà ni òòyà eléyín gbọọrọ, òrí, àti aṣọ tí a fi ń wé irun sùn ti wà nínú àpò.

Ti káàdì ìkíni tún di àríyànjiyàn. Kí ni kí wọ́n kọ? "Pẹ̀lẹ́" kéré jù. Ẹsẹ Bíbélì, a ní rárá, a kò mọ ẹ̀sìn ẹni tí yóò gbà á. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ní kí wọ́n kọ "Ẹ kú ewu." Ẹni tó la ewu já là ń kí bẹ́ẹ̀, kò sì béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ tí kò lè so gbólóhùn Yorùbá méjì pọ̀ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí! Wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, torí ará Albania àti Vietnam wà nínú àwọn tó ń gbà á, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an sì wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 2018, ilé ẹjọ́ ní Birmingham dá nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé London, Josephine Iyamu, lẹ́bi pé ó kó àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ ṣe aṣẹ́wó ní Jámánì. Wọ́n mú wọn búra, wọ́n sì ka gbèsè tó ju 30,000 yúrò sí wọn lọ́rùn. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, Ọba Ewuare Kejì ti Benin tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, ó sì fi àwọn tó ń kó ènìyàn tà ré.

Àwa tí ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ wa kò lè pe èyí ní gbèsè. Ìwọ̀fà àtijọ́ pàápàá, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó tí wọ́n yá, ó dìde, ó lọ ilé. Ti àwọn wọ̀nyí, owó oúnjẹ, owó ibùsùn àti owó ìtanràn ni wọ́n ń dà lé e lórí.

Àmọ́ ìbéèrè tó le jù ni ti ọmọkùnrin kan: "Ọ́ńkù, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í lọ síléèwé ńkọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. A kúkú mọ "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni" tí àwọn ènìyàn máa ń wí. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní Harrow rán tọkọtaya kan, dókítà àti nọ́ọ̀sì, lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà mẹ́fà nítorí ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n mú wọ London ní 1989. Ọdún 24 ló fi sìn wọ́n láìgba owó, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìròyìn kan tó gbọ́ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí ló mú kó wá ìrànlọ́wọ́.

Òfin kan wà tó kan àwa òbí. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá fẹ́ gbé lọ́dọ̀ yín tó ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ kì í ṣe òbí rẹ̀, òbí àgbà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀, kánsù gbọ́dọ̀ gbọ́. "Ìlú kan náà la ti wá" kì í ṣe ìbátan lójú òfin. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá fura sí ilé kan, ẹ má lọ bá onílé náà. Ẹ sọ fún tíṣà yín, tàbí kí ẹ pe Childline lórí 0800 1111, ọ̀fẹ́ ni. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, 999 ni.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ láti 2010 fún gbígbógun ti òwò ẹrú. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ di àpò tó pọ̀ ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tuntun ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe àlòkù. Pátá àti ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin ló ń wọ́n wa jù: obìnrin ni gbogbo ènìyàn ń rántí, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ìwé ìṣirò wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ ló ń kọ ọ́ fúnra wọn, àwa kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni.