Ìtúpalẹ̀ Pàǹtírí Ilé àti Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ Iṣẹ́ náà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá sábà fi ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá gbá kúrò nínú ilé pọ̀: pàǹtírí, tàbí ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ náà tó fún ẹni tí ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó ṣì wúlò nínú ohun tí wọ́n dànù. Èèpo iṣu, ọ̀rá, ìgò, páálí àti agolo kì í gba ọ̀nà kan náà padà sí ọwọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ tí ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí, tí ó sì ń wọn ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ni ìtúpalẹ̀ pàǹtírí.

Kí iṣẹ́ náà tó lè nítumọ̀, ó di dandan láti tún ọ̀rọ̀ náà "àtúnlò" yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn olùtumọ̀ ń lò ó fún nǹkan mẹ́ta tí kò jọra. Ìgò ọtí tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì da epo pupa sí, àtúnlò ni. Ìgò ṣì ni ìgò. Ṣùgbọ́n páànù àlòkù tí wọ́n yọ́ nínú iná láti fi ṣe ìkòkò ti pa ìrísí dà. Àtúnrọ ni ó bá èyí mu, nítorí ó ti pẹ́ tí agbẹ̀dẹ ti ń sọ ọkọ́ tí ó ti jẹ tán di ọ̀bẹ. Ti èèpo àti ewé tí ó jẹrà, tí ó sì di oúnjẹ fún ilẹ̀, yàtọ̀ sí méjèèjì: ìsọdajílẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń ya èròjà sọ́tọ̀ rárá.

Kò sí ẹni tí ó lè tú gbogbo pàǹtírí Ìbàdàn wò. Bí ọlọ́bẹ̀ ti ń bu díẹ̀ tọ́ wò ni olùwádìí ń ṣe. Nítorí náà, ìbùtọ́wò ni orúkọ tí ó yẹ ìwọ̀nba tí ó mú. Ẹni tí kò bá ro ọbẹ̀ pọ̀ kí ó tó bù ú, iyọ̀ ìsàlẹ̀ yóò tàn án jẹ. Bákan náà, wọ́n máa ń da ẹrù ọkọ̀ pàǹtírí sílẹ̀, wọn a rò ó pọ̀, wọn a pín in sí mẹ́rin, kí wọ́n tó mú ìdá kan. Ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ASTM D5231 fẹ́ kí ìbùtọ́wò kọ̀ọ̀kan wà láàárín kílò 91 sí 136. Ibi tí wọ́n ti bù ú ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Kí pàǹtírí tó dé àkìtàn, ewúrẹ́ ti jẹ nínú èèpo, àwọn tí ń ra ìgò kiri sì ti kó tiwọn lọ. Ohun tí ó wà ní àkìtàn kì í ṣe ohun tí ó jáde láti inú ilé.

Ìbéèrè lẹ́nu onílé kò lè rọ́pò òṣùwọ̀n. William Rathje, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Arizona, bẹ̀rẹ̀ sí tú pàǹtírí àwọn ará Tucson wò ní ọdún 1973. Agolo bíà tí ó bá nínú rẹ̀ ju iye tí wọ́n jẹ́wọ́ lọ. Kò jọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ sí Tucson.

Omi ni ó máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Bí èèpo bá jẹ́ kílò 60 nínú kílò 100 pàǹtírí, tí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èèpo náà sì jẹ́ omi, ìwọ̀n tútù rẹ̀ ni 60, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ jẹ́ 18 péré. Inú ààrò tí ooru rẹ̀ tó 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń mú un gbẹ. Ìlú tí ó bá fi ìwọ̀n tútù ra ẹ̀rọ ìsunpàǹtírí yóò rí i pé omi ni iná rẹ̀ ń gbẹ. Ọ̀rá tí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ń kọ́? Apá kan ìwọ̀n rẹ̀, ọbẹ̀ ni.

Ìròyìn Báǹkì Àgbáyé ti ọdún 2018 fi hàn pé oúnjẹ àti ewé jẹ́ ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pàǹtírí àgbáyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ìdá 32 ni. Ní àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ó ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ìlú tí ó bá kọ́kọ́ gbé agbada bébà àti ìgò kalẹ̀ bí ti àwọn olówó, apá kékeré ni ó dì mú. Ìsọdajílẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, bí kò bá sí àfọ́kù ìgò àti bátìrì nínú rẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn.

Ó ku iyanrìn àti eérú, tí ìgbálẹ̀ àgbàlá máa ń kó wá. Ohun tí ó bá gba ojú asẹ́ bọ́ sílẹ̀ lè gba orúkọ àjọ̀bọ́, kí ó sì ní ìlà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá kà á mọ́ èèpo, ajílẹ̀ tí wọ́n retí yóò pọ̀ lórí ìwé ju ti inú oko lọ.