Fọ́tò àti Ìtumọ̀ Orúkọ Ẹyẹ ní Agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ ìwádìí lórí ewì ọdẹ àti oríkì kò kéré mọ́. Ìwé S. A. Babalọlá lórí ìjálá jáde ní 1966. Ti Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù sì jáde ní 1991. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: ẹyẹ wo gan-an ni orúkọ kọ̀ọ̀kan inú irú ewì bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí? Lọ́pọ̀ ìgbà, 'irú ẹyẹ kan' ni ìwé atúmọ̀ èdè ń sọ. Àwọn ògbufọ̀ kan tilẹ̀ pe àlùkò ní woodcock, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ti Yúróòpù àti Éṣíà ni ìyẹn, kì í ṣe ẹyẹ igbó Yorùbá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé fọ́tò lè yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí wọ́n bá yà á nínú ọgbà ẹranko àti nínú igbó pẹ̀lú.

2. Ẹyẹ inú ọgbà

Nínú ọgbà ẹranko, bí irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948, kámẹ́rà lè sún mọ́ ẹyẹ. Àgógó, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ á hàn kedere, àwọn onímọ̀ ẹranko á sì lè fi orúkọ sáyẹ́ǹsì tì í. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í fi gbogbo ẹyẹ hàn.

Àlùkò ni àpẹẹrẹ. Àwọn àgbà so ó mọ́ osùn, èyí tí ó pupa. Bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni ó ń pe àwọ̀ mìíràn, tí ó wà láàárín pupa àti aró, ní elésè àlùkò. Ó dà bí ẹni pé èdè ń tako ara rẹ̀. Ẹyẹ kan wà, Musophaga violacea, tí ara rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Yàtọ̀ sí pupa tí ó wà ní orí rẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n bí osùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá fò ni èyí máa ń hàn dáadáa. Bí òun bá ni àlùkò, ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu. Fọ́tò ẹyẹ tí ó bà sórí igi nínú àgò kò lè fi èyí hàn.

3. Ẹyẹ inú igbó

Ìgbà tún ń yí ẹyẹ padà. Akọ ẹ̀gà, Ploceus cucullatus, a máa ní àwọ̀ òféèfèé àti dúdú ní àkókò ìtẹ́-ẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á sì jọ abo. Fọ́tò méjì lè mú kí ẹnìkan rò pé ẹyẹ méjì ni.

Ní ti àpárò, òwe sọ pé ọ̀kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Akọ àpárò a máa gun ibi gíga láti ké. Ohun tí ojú àgbẹ̀ rí ni òwe náà gbé dúró. Inú oko ni fọ́tò rẹ̀ ti lè bá a mu.

4. Ọ̀nà tí ó yẹ

Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù súnmọ́ra, ọ̀dàn àti igbó sì pàdé ní agbègbè wọn. Kí olùwádìí kó fọ́tò oríṣi méjèèjì lọ bá àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdárúkọ ẹyẹ fún wọn. Kí ó béèrè orúkọ, igbe, oúnjẹ àti ibùgbé rẹ̀. Kí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú fọ́tò, nítorí fọ́tò lè mú kí ẹyẹ kékeré dọ́gba pẹ̀lú ńlá. Kí oṣù tí wọ́n yà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀ka-èdè lè ni ó fà á.

5. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ náà kò gba ìdádúró. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún, Necrosyrtes monachus, mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun wọn ga jù lọ. Ní 2016 ó ka odídẹrẹ́ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu. Bí ẹyẹ bá tán kí wọ́n tó so orúkọ mọ́ ọn, orúkọ náà á ṣì wà nínú ewì, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò lè nawọ́ sí ohun tí ó ń jẹ́ ẹ.