Ológeere ní ìgboro Èkó: Òfin mọ̀ ọ́n, títì kò mọ̀ ọ́n

Nígbà kan rí ní ilẹ̀ Yorùbá, bí èèyàn bá ra kẹ̀kẹ́ ológeere, tòun tẹbí ni wọ́n jọ máa ń yọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni tíṣà ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kẹ̀kẹ́ ni wolé-wolé ń gùn kiri àdúgbò, òun náà sì ni àgbẹ̀ fi ń ru kòkó àti iṣu rẹ̀ bọ̀ láti oko. Raleigh, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà. Àwọn tó ní in kò fi ṣeré rárá. Wọn a fi epo sí ṣéènì rẹ̀, wọn a nu irin rẹ̀ títí tí yóò fi máa kọ mànà, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò pọ̀ sí i, tí ọ̀kadà sì gba ìgboro kan, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo ológeere yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí ohun ìrìnnà tálákà. Kódà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Èkó lónìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn èèyàn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tó ṣe gómìnà ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999.

Síbẹ̀, ológeere kò fìgbà kan kúrò ní ìgboro. Ẹni tó bá tètè jí dé títì á rí wọn. Ọlọ́dẹ tó ṣọ́ ilé olówó mọ́jú ń gùn ún bọ̀ wálé, bírìkìlà so irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mállàmù tó ń ta tíì ń lọ gbé búrẹ́dì. Bí oòrùn bá sì ti mú, àwọn tó ń ta FanMilk á gbé àpótí wọn síwájú kẹ̀kẹ́, wọn a máa fun fèrè kiri àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò ó lọ́kàn báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ ní ilé epo ìjọba di N488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà, àwọn ibòmíràn tilẹ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń wọ méjì bọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe ìṣirò ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ológeere kì í mu epo. Kì í san owó gáréèjì, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kì í sì í dá a dúró bó ṣe ń dá mọ́tò dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò tilẹ̀ sáré àsápajúdé, lè fi gun kìlómítà márùn-ún láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí. Ara á sì tún jí pépé, nítorí pé eré ìdárayá ni pẹ̀lú.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kẹ̀kẹ́ gígùn lábúlé yàtọ̀ sí ti ìgboro, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún ní Èkó, abúlé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọ̀nà oko, èèyàn á ti máa gbọ́ ìró ọkọ̀ bọ̀ láti òkèèrè. Bó bá ti gbọ́ ọ, á yà sí etí igbó, á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ọkọ̀ á kọjá, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ìgboro Èkó, kò sí etí igbó tí èèyàn máa yà sí. Gọ́tà ni, àbí ògiri, àbí tábìlì àwọn tó ń tajà. Ariwo ọkọ̀ kò sì ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fun fèrè. Àṣà fífara mọ́ etí ọ̀nà tó ń dáàbò bo èèyàn lábúlé, òun gan-an ló ń fi ẹ̀mí ọ̀pọ̀ sínú ewu nílùú ńlá.

Àkọ́kọ́ ni pé etí títì ni iyanrìn, ìgò fífọ́, kòtò àti gọ́tà tí wọn kò bò máa ń wà. Èkejì ni pé bí awakọ̀ bá rí ẹni tó fara mọ́ etí ọ̀nà, ó máa ń rò pé àyè tó òun láti kọjá, á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tímọ́tímọ́. Bí kòtò bá wá yọ lójijì, tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì ní kóun yà fún un, abẹ́ ọkọ̀ ló máa yà sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín òun àti etí títì, kó máa lọ tààrà, kó má ṣe máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Bí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá fun fèrè, kó má ṣe gbọ̀n rìrì. Kó tó yà síbikíbi, kó bojú wẹ̀yìn, kó sì na ọwọ́ sí ibi tó ń lọ.

Ewu mìíràn ni ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ á kàn ṣí ilẹ̀kùn gbàgà láìwẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ á sì rọ́ lù ú. Ohun tó máa dẹ́kun èyí kò gba kọ́bọ̀. Kí dẹ́rẹ́bà máa fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tó wà lápá òsì rẹ̀, kí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún sì máa fi ọwọ́ òsì ṣí tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti kọjá síwájú ara báyìí, ọrùn á yí pẹ̀lú rẹ̀, ojú á sì rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ti dáńfó tún yàtọ̀. Ibi tí èèyàn bá ti nawọ́ ni dáńfó ń dúró sí, kọ̀ńdọ́ á sì ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn dáńfó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ dáadáa, kò sì gbọdọ̀ gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá níbi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Èyí tó burú jù ni tírélà àti tánkà. Òkè téńté ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ọkọ̀, lè má hàn sí i rárá, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí tírélà bá sì fẹ́ yà sí ọ̀tún, táyà ẹ̀yìn kì í gba ibi tí táyà iwájú gbà. Ó máa ń súnmọ́ etí ọ̀nà jù ú lọ. Ẹni tó rò pé òun wà ní ibi tó dára lè bá ara rẹ̀ láàárín táyà àti òkúta etí títì. Kò sí ohun tí èèyàn ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà. Kó dúró sẹ́yìn títí tí yóò fi kọjá.

Àwọn kan tún gbà pé bí àwọn bá kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, àwọn á lè rí i kí wọ́n sì sá fún un. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún, kì í ṣe ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń sá àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan, tí kẹ̀kẹ́ ń sá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ̀ wá pàdé rẹ̀, eré méjèèjì ló máa pa pọ̀ di márùndínláàádọ́rin. Bí wọ́n bá jọ ń lọ síbì kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju márùndínlógójì lọ. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni ológeere náà gbọ́dọ̀ máa gbà.

Nígbà òjò, omi á bo kòtò àti ihò gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ á wá rí bákan náà. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ omi, kó sọ̀ kalẹ̀ kó tì í kọjá. Bíréèkì náà kì í tètè mú bí irin táyà bá ti tutù, pàápàá lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ní òru, èyí tó ń pani ni àìríran awakọ̀. Kí iná funfun wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn, kí èèyàn sì wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa pẹ́, tó wá ń pa á, kó rántí pé bátìrì kò wọ́n tó ẹ̀mí. Àṣíborí tí wọ́n bá so okùn rẹ̀ dáadáa máa ń dín ìpalára orí kù gan-an. Garawa tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi kọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kó yí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn ni kí ẹrù máa wà.

Kì í ṣe ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan ni gbogbo ẹrù yìí yẹ kó wà lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́wàá èèyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa lágbàáyé, tí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́ àwọn tó wà lórí ológeere. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbàgbé kẹ̀kẹ́. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Ìyẹn ni pé òfin mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n fi lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 2018 lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ológeere ṣì ṣọ̀wọ́n ní ìgboro. Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà mọ́kànlá ó lé, kò ní ọ̀nà kankan fún kẹ̀kẹ́.

Àwọn kan á sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé kò lè ṣeé ṣe níbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Họ́láńdì tí gbogbo ayé ń fi ṣàpèjúwe lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1971, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tí ọkọ̀ pa níbẹ̀, ọmọdé sì lé ní irínwó nínú wọn. Àwọn òbí ló kọ́kọ́ figbe ta, wọ́n jáde sí títì, wọ́n ní kí wọ́n yéé pa àwọn ọmọ àwọn. Nígbà tí epo tún wọ́n gógó ní 1973, ìjọba wọn gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìlú tí wọ́n bí mọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ṣe ni wọ́n ń là á.

Kí ìyẹn tó dé Èkó, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá, tó sì ní òun fẹ́ ra ológeere, ẹ má ṣe dá a lẹ́kun, nítorí owó tó máa ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré. Ẹ kàn sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ tó mọ̀ nílé kọ́ nìyẹn. Kó yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kó tó jáde, kó gba ọwọ́ ọ̀tún, kó jìnnà sí gọ́tà àti tírélà, kó sì jẹ́ kí wọ́n rí òun lóru. Ẹ̀yin awakọ̀ náà, ẹni tí ẹ ń bú pé ó ń dí yín lọ́nà yẹn ní ìyàwó àti ọmọ tó ń retí rẹ̀. Ẹ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún un. Kò ní kí ẹ pẹ́ délé.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.