Olùkọ́ jọ́gíráfì tó fi owó àjọ lọ wo òkè

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ dá ìpàdé wa rú lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri ọjà kọ́ ló ṣe rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e kalẹ̀ síbí lónìí, kí kálukú fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Bàbá kan wà láàrin wa, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní jọ́gíráfì, ibí yìí ní agbègbè Abuja ló sì ti parí iṣẹ́. N ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ó ní kí n má dárúkọ òun. Àjọ kan bàbá lóṣù náà. Akọ̀wé wa bi wọ́n, bí a ṣe máa ń bi ara wa, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, ṣé ilé tó wà ní Adó ni wọ́n fẹ́ kan páànù sí. Bàbá ní rárá o, òun fẹ́ lọ wo òkè ni.

"Òkè wo, bàbá?"

"Kilimanjaro."

Ilé dàrú! Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kubwa ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ẹ lọ́mọ níbẹ̀ ni?" Bàbá ní òun kò lọ́mọ níbẹ̀. "Ṣé ọjà lẹ fẹ́ rà bọ̀?" Wọ́n ní kì í ṣe ọjà. "Àbí àdúrà lẹ fẹ́ lọ gbà lórí òkè náà?" Bàbá ní òun fẹ́ wò ó ni, kí òun sì padà wálé. Ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé tí ọmọ Kubwa bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, òkúta ńlá ni yóò kọ́kọ́ rí, kí ló tún kù tí èèyàn ń fowó gidi wọ bàálù lọ wò? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní parọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo lọ bá bàbá nílé wọn, torí ẹ̀rín yẹn kò dá mi lára mọ́. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ọdún ni mo máa ń ya òkè yẹn sójú pátákó. Màá fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹsẹ̀ rẹ̀, màá ya àárín rẹ̀, màá wá fi ṣọ́ọ̀kì kun orí rẹ̀ ní funfun, màá sọ fáwọn ọmọ pé yìnyín ni. Wọ́n á bi mí pé, sà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí? Màá ní kí wọ́n kọ ohun tó wà lójú pátákó."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá ka jọ́gíráfì. Ilẹ̀ Tàǹsáníà ni òkè Kilimanjaro wà, lẹ́bàá ààlà Kẹ́ńyà. Òun ló ga jù ní gbogbo Áfíríkà, 5,895 mítà ni. Ìlà tó la ayé sí méjì kò jìnnà sí i, níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná, síbẹ̀ orí òkè náà tutù débi pé yìnyín ń dì síbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tó ń lé bàbá kiri rèé: yìnyín náà ń tán lọ. Láti ọdún 1912 títí di àsìkò tiwa yìí, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ tó ti yọ́ dànù. Ní 2022, àjọ UNESCO kéde pé tó bá fi máa di 2050, yìnyín Kilimanjaro lè má sí mọ́ rárá. Bàbá ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́rin, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Tí mo bá dúró di ìgbà tí mo kan páànù tán, èwo nínú wa ni yóò kọ́kọ́ lọ, èmi ni àbí yìnyín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Yorùbá kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Àwa tí a kúrò ní Ọ̀ṣun, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Kwara tí a wá tẹ̀dó sáàárín àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Kubwa yìí, ta ni yóò kọ́ wa ní ìrìn? Ṣùgbọ́n ìrìn tiwa máa ń ní ìdí tí aráyé mọ̀: òwò, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìjọba, Mẹ́kà, Jerúsálẹ́mù, ìsìnkú, ìkómọ. Òkè pàápàá, a kì í dédé gùn ún. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ nítorí ogun ni, orí òkè làwọn ará Ìdánrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó sì ń gun òkè lónìí, àdúrà ló sábà máa ń bá lọ. Kí èèyàn kàn fẹ́ wo ayé nítorí pé ó dára lójú, a máa ń pe ìyẹn ní ìranù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a kọrin fún ẹni tó ṣe é! Ta ni kò mọ Àjàlá nínú wa? Ebenezer Obey ló kọ ọ́ lórin tí gbogbo ọmọdé fi mọ̀ ọ́n. Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ní 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles. Nígbà tó di 1957 ó tún gun alùpùpù Vespa, ó fi ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1963. Ó kú ní 1999. Láyé tiwa yìí náà, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní 2022, ó fi wá owó láti gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ rárá ló ti gun Kilimanjaro. Pẹ̀lúmi Nubi, obìnrin, wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2024. A pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Àfi ìgbà tí bàbá tí a jọ ń dá àjọ ní òun náà fẹ́ lọ ni ọ̀rọ̀ wá di àwàdà.

Ohun kan tún wà tí bàbá kò sọ ní ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tọrọ físà sí orílẹ̀-èdè kan tó tutù lókè òkun, tó kún fún òkè àti adágún omi, wọ́n dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì, owó sì wọgbó. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wọn ní àwọn kò gbà pé wọn yóò padà wálé. Bàbá ní ìyẹn dun òun ju owó lọ. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ràn òkè. Lójú wọn, ọmọ Nàìjíríà kì í lọ wo nǹkan, sísá ló ń sá."

Ìdí tí wọ́n fi kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Kẹ́ńyà fagi lé físà, wọ́n fi ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀, 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà lé e nígbà náà. Ní 2025 wọ́n tún ní kí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà má gba ìwé yẹn mọ́. Rwanda náà ti kéde ní 2023 pé ọmọ Áfíríkà kò nílò físà. Ẹ ṣáà bèèrè dáadáa kí ẹ tó san owó bàálù, torí òfin ìrìnnà kì í jókòó sójú kan. Ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹni tí kò bá ní in lè pàdé wàhálà ní pápákọ̀ òfurufú.

Bàbá lọ. Wọ́n wọ bàálù ní Abuja, wọ́n yà ní Addis Ababa, wọ́n dé Nairobi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn àjèjì mẹ́rin dá owó ọkọ̀ lọ sí Amboseli, igbó ọba kan ní ẹsẹ̀ ààlà, níbi tí èèyàn ti lè rí Kilimanjaro láìgùn ún. Orúnkún kò kúkú gbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀, erin ni wọ́n rí, agbo-agbo, àgùnfọn àti ẹfọ̀n. Òkè kò sí níbẹ̀. Ìkùukùu bò ó pátápátá, bí ẹni pé wọn kò dá òkè kankan síbẹ̀ rí. Bàbá ní òun kò sùn lóru ọjọ́ náà, òun ń ro ohun tí òun yóò sọ fún ẹ̀yin ará ìpàdé.

Ní ìdájí, awakọ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Òtútù mú. Wọ́n jáde síta, òkè ti dúró. Bàbá ní láti ilẹ̀ Amboseli yẹn, tí èèyàn bá to òkúta Zuma mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léra wọn, wọn kò tíì ní tó o. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lójú wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Funfun tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kùn lójú pátákó pọ̀ ju èyí lọ. Mo ti ń parọ́ fáwọn ọmọ." Awakọ̀ sọ fún wọn pé nígbà tí bàbá òun wà lọ́mọdé, yìnyín náà pọ̀ jù báyìí lọ dáadáa. Kí oòrùn tó mú, ìkùukùu ti tún dé, òkè wọlé.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá sọ fún mi nípa Nairobi ló yà mí lẹ́nu jù. Igbó kan wà láàárín ìlú náà gan-an, Karura ni wọ́n ń pè é, ó tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Ní 1999 àwọn kan fẹ́ pín in kọ́ ilé, Wangari Maathai àtàwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n lù wọ́n, wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Obìnrin yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004. Igbó náà ṣì wà. Bàbá débẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n rí àwọn ìdílé tó ń rìn nínú igbó pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n rí ọmọbìnrin tó ń dá sáré kọjá láàárín igi, tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin, òun nìkan, nínú igbó! Kò bojú wẹ̀yìn."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Kí ló ń fa èèyàn lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé òkè tiwọn dára ju tiwa lọ. Ní Nọ́wè, òfin ti wà láti 1957 tó fún gbogbo ènìyàn láyè láti rìn nínú igbó àti lórí òkè tí wọn kò dá oko sí, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀. Ní Skọ́tíláǹdì wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2003. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bìrìtìkó náà ti ń gùn ún: Rhiane Fatinikun, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019 káwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lè jọ máa rìn lórí òkè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gun òkè ní àárọ̀ mọ̀ pé òun yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé.

Nígbà tí bàbá ṣì ń kọ́ni, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí ìtàkùn omi Gurara, wọ́n ń kó wọn lọ sí odò Usuma ní Ushafa, níbi tí wọ́n ti dá omi tí gbogbo Abuja ń mu dúró. Wọ́n ń gun òkúta pẹ̀lú ọmọ ogójì, òwe Gbagyi ni àgbà ìlú kan ń pa fún wọn lọ́nà. Òbí wo ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ lónìí? Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna, ọkọ̀ tó ń dúró gbé èrò ní Kubwa wa níbí. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó tú àwọn tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé wọ inú ilé ní Bwari, wọ́n kó bàbá àtàwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá wo òkúta tó wà lẹ́yìn ilé wa, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rò, ẹni tó lè wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ṣì ń kóra jọ lọ́jọ́ Sátidé láti gun òkè ní Abuja yìí. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè fi ọmọ mi sílẹ̀ kó bá wọn lọ, ó sì ń dùn mí.

N kò ní kí ẹni tó jẹ owó ilé-ìwé ọmọ lọ wo erin o. Ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kó san án padà kó tó máa sọ̀rọ̀ bàálù. Ṣùgbọ́n owó bàbá ni owó bàbá, wọ́n sì ti dá àjọ náà pé láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, bàbá mú fọ́tò wá. Wọ́n gbé e yípo ilé. Ìyá aṣọ di ọ̀kan mú títí, ó ní, "Ibí yìí náà, Áfíríkà ni?" Kó tó di pé a pín kóòlù, ó ti fa akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi í pé tí àjọ bá kan òun lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé yóò ká èèyàn méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá, wọ́n máa ń jókòó síwájú ilé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tíì Kẹ́ńyà tí wọ́n rà bọ̀ ṣì kù. Kí oníkálukú mú ṣúgà tirẹ̀ dání.