Ẹgbẹ́ Ajalèlókun: Ohun tí Ṣóyínká gbà gbọ́ lọ́dọ̀ọ́, àti ohun tó dà

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méje tó kóra jọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1952 kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn rárá. Wọlé Ṣóyínká wà nínú wọn, Olúmúyìwá Awẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ralph Opara, Pius Oleghe, Ikpehare Aig-Imoukhuede, Nathaniel Oyèlọlá àti Sylvanus Egbuche. Ṣóyínká, tí wọ́n bí lóṣù keje, ọdún 1934, kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ.

Ohun tó ń bí wọn nínú kò ṣòro láti mọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n tíì fi dá iléèwé ọ̀hún sílẹ̀, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ráyè wọ ibẹ̀ ti di ẹni ńlá lójú ara rẹ̀: táì lọ́rùn, ìṣe òyìnbó lọ́wọ́; àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀yà yan ọ̀rẹ́. Àwọn méje yìí ní àwọn yóò dojú gbogbo rẹ̀ dé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀, wọ́n ya orúkọ àti ìmúra ajalèlókun inú ìwé ìtàn òyìnbó lò, Ṣóyínká sì di Captain Blood. Wọ́n ní àwọn yóò bá ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, àwọn yóò kọ àṣà tí kò nítumọ̀ mọ́, àwọn yóò sì dá ìwà akọni padà. Ẹ tún orúkọ wọn wò lókè yẹn. Kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ló bí wọn. Eré pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe eré ọ̀hún gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ibi tí wọn kò ro ọ̀rọ̀ dé ni pé ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ yóò kúrò níléèwé lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ yóò sì ṣẹ́ kù síbẹ̀. Lọ́dún 1954, Ṣóyínká gba Leeds lọ. Aṣọ, orúkọ oyè àti ìpàdé òru rọrùn fún àwọn tó tẹ̀lé e láti jogún. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kò rọrùn, nítorí òyìnbó amúnisìn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1972, ìjà dé, àwọn kan yapa, wọ́n dá Buccaneers sílẹ̀. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Benin lọ́dún 1977. Ìfigagbága di ìjà, ìjà di ìbọn. Nígbà tí wọ́n fi kéde lọ́dún 1984 pé Pyrates kò gbọdọ̀ sí nínú ọgbà iléèwé kankan mọ́, ó ti pẹ́ jù. Lóru ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje, ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn mìíràn, tí kì í ṣe Pyrates, ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn mẹ́rin mìíràn.

Báwo ni àgbàlagbà ṣe ń bojú wẹ̀yìn wo ara rẹ̀ lẹ́yìn irú èyí? Nínú ìwé Ibadan: The Penkelemes Years, tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde lọ́dún 1994 nípa ìgbà èwe rẹ̀, kò pe ọ̀dọ́kùnrin náà ní 'èmi'. Maren ló pè é, bí ẹni ń ròyìn àbúrò kan tó lágídí. Bẹ́ẹ̀, kò kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti tẹnu mọ́ ọn pé ẹgbẹ́ tí òun dá sílẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀: kì í ṣe ẹni tó gbin igi ló fi májèlé sí èso rẹ̀, òun ló kàn kọ́kọ́ fi hàn pé ilẹ̀ ibẹ̀ gba igi. Òun kan náà, ẹ má gbàgbé, ló pe ìran tirẹ̀ ní ìran tó ṣòfò, nínú àwọn ọdún 1980.

Lóṣù kẹjọ, ọdún 2022, fídíò kan jáde níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ Bọ́lá Tinúbú, tó ń díje dupò ààrẹ nígbà náà. Ṣóyínká, ẹni ọdún 88, fi ìwé síta pé òun kò sí lẹ́yìn wọn, pé òun kì í fi àìlera ara ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí ìpàdé àwọn méje ọ̀hún, Captain Blood ṣì ń bá àwọn ọmọ inú ọkọ̀ rẹ̀ wí.